Ìbú Ni Tèmi, Òòró Ni Tirẹ̀

Òórùn ìwé ìròyìn tuntun kò jọ òórùn ìwé mìíràn. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkọ̀tún láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, yíǹkì tútù ni imú rẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí o tó rí tábìlì bàbá oníwèé-ìròyìn. Àwọn tí kì í ra ìwé á ti yí tábìlì náà ká, wọ́n á máa jiyàn lórí àkọlé tí wọn kò ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá náà á na tèmi sí mi láti abẹ́ àga rẹ̀. "Ọ̀gá, tiyín rèé. Mo ti fi pamọ́, kí wọ́n má fọwọ́ rún un jàre." Kì í ṣe ìròyìn ni mo ń rà á fún. Kúrọ́sìwọ́ọ̀dù ni, àwọn ilé kéékèèké funfun àti dúdú tó wà lẹ́yìn ìwé, tí èèyàn ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kún bí ó bá ti mọ ìdáhùn sí.

Nígbà tí mo gbé ìyàwó wọlé ní Ìgàndò, ìwé kan ṣoṣo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Olùkọ́ ni ìyàwó mi, ó sì fẹ́ràn àdììtú náà jù mí lọ. Òun ló ṣe òfin: ìbú ni tèmi, òòró ni tirẹ̀. Èmi á ṣe àwọn ọ̀rọ̀ tó dùbúlẹ̀ bí mo bá ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, màá mú ìwé náà bọ̀ nírọ̀lẹ́, òun á sì jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsù rẹ̀ láti ṣe àwọn tó dúró lóòró. "Ẹ wo ohun tí ẹ kọ síbí! Ta ló kọ́ yín ní gẹ̀ẹ́sì gan-an?" Báyìí ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi á sì máa dùn. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ti ẹnì kejì.

Ọlọ́run fún wa lọ́mọ kan, obìnrin. Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ ni orúkọ tiwa ti kú. Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é: mo di bàbá lágbájá, òun náà di ìyá lágbájá. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn àgbà kò jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, torí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa pé ká má dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé, kí ọkàn ìyá rẹ̀ lè tètè balẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni mo jẹ́ tí n kò ní gba ọ̀rọ̀ àgbà?

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé orúkọ ọmọ yẹn nìkan ni a ní tí a fi ń pe ara wa. Bí mo bá fẹ́ kí ìyàwó mi dá mi lóhùn, mo máa ń wúkọ́. Òun á ní, "Ẹ gbọ́ ná." Nígbà tó yá, a ò wúkọ́ mọ́, a ò ní ẹ gbọ́ ná mọ́. Oúnjẹ á wà lórí tábìlì, omi ìwẹ̀ á wà ní balùwẹ̀, ilé á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn bí ogójì ọjọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé ìròyìn, torí pé ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà tábìlì bàbá yẹn. Mo ṣe ìbú, mo sì ju ìwé náà sórí tábìlì nílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé òòró ti kún. Mo jókòó, mo sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ péépèèpé sí etí ìwé: "Ẹ má gbàgbé agboòrùn." Mo kọ "O ṣeun" sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yìn ń dùn mí." Mo rìn kiri gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá títí mo fi rí oògùn ìpara tó máa ń lò, mo sì gbé e lé ìwé náà lórí. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn fún oṣù mélòó kan, mo sì rò pé a ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀.

Àfi ọjọ́ kan tí iná kò sí níbi iṣẹ́ wa, tí jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa kàn jókòó bí àlejò. Kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ti parí ìbú. Ojú mi bọ́ sórí òòró kan, mo mọ̀ ọ́n, mo kọ ọ́. Mo mọ èkejì náà. Ẹni tó jókòó tì mí yọjú wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe gbogbo èyí? Orí yín pé o!" Orí mi wú. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mi ò fi ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ lófo. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ: ọjọ́ yẹn ni inú mi kọ́kọ́ dùn láti ìgbà tí ọmọ ti kú, ìyàwó mi sì ni mo fẹ́ sáré lọ sọ ọ́ fún. Ní Ìyànà Ìpájà tí mo ti wọ ọkọ̀ kejì, ńṣe ni mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Ó ti gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí mo wọlé. "Wò ó!" ni mo wí, "mo dá a ṣe tán!" Ó gba ìwé náà, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó ki pẹ́ńsù náà bọ inú báàgì rẹ̀, ó sì lọ ká aṣọ tó sá síta. Lọ́jọ́ kejì, mo fi òòró sílẹ̀ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹta náà, kò fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé kí ni mo ṣe. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan," ni ó wí.

Kí oṣù náà tó parí, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìbàdàn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó fi sọ ọ́. "Inú ìwé yẹn nìkan la ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Látàárọ̀ ni mo ti máa ń ro ohun tí mo máa kọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ parí ẹ̀ yẹn, orúkọ ọmọ wa ni mo fẹ́ kọ. Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Ẹ jẹ́ n máa lọ." Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń dúró dè é níwájú ilé. Mo mọ orúkọ kan tí ì bá mú un padà. Mo la ẹnu, ikọ́ ló jáde. Ó dúró díẹ̀, kò wẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ó wọ kẹ̀kẹ́.

Ọdún ti gorí ọdún. Ó ti ní ilé mìíràn, mo sì gbọ́ pé Ọlọ́run ti fún un lọ́mọ. Inú mi dùn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ikú ọmọ ló tú wa ká. Irọ́ ni. Èmi ni mo ń bẹ̀rù orúkọ kan, tí mo sì ń pe ẹ̀rù yẹn ní ìkẹ́ ìyàwó mi. Láràárọ̀ báyìí, kí n tó jáde, mo máa ń pe ọmọbìnrin mi lórúkọ sókè nínú yàrá. Kò nira lẹ́nu mi mọ́ rárá. Ìyá rẹ̀ ló yẹ kó gbọ́ ọ, kò sì sí nílé.