Àpótí Fìláàṣì Méjì ní Ìkẹjà, àti Bí Wọn Kò Ṣe Pè Wá Padà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Àǹtí Rẹ́ní ti jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ti di bẹ́líìtì, wọ́n sì ń bi Mùfú awakọ̀ léèrè pé ta là ń dúró dè. Èmi ni. Èmi yìí kan náà ni mo sì ni ìrìn àjò, nítorí èmi Bùnmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé àyẹ̀wò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí a ti ń ya àwòrán egungun àti ti inú ara. Ṣùgbọ́n Dókítà tó ni ilé àyẹ̀wò náà mọ̀ mí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó dùn, mo lè bọ́ ẹ̀wù ọrùn mi fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin bá mi lọ sí Èkó. Àǹtí Rẹ́ní kọ́ni ní ìṣirò ní Odògbólú títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì ń di àpò ilé àyẹ̀wò mú báyìí. Nǹkan méjì ni ẹnikẹ́ni kì í rí gbà lọ́wọ́ wọn: owó, àti kúlà oúnjẹ wọn. Kúlà ọ̀hún wà lórí itan wọn bí ọmọ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa dìde. Gbogbo àwòrán tí a bá yà, inú àpótí irin kan ní yàrá ẹ̀rọ wa là ń kó o sí. Dísíìkì tó ń yí ló kún inú rẹ̀, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Méjì nínú dísíìkì náà ti kú. Bí ẹ̀kẹta bá kú, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ ló bá a lọ. A ní ẹ̀dà àwọn ti àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn ti ẹnu àìpẹ́ yìí kò ní ẹ̀dà kankan, nítorí bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n kọ báyìí ni àpótí á máa kérora, tí á sì dá iṣẹ́ dúró. Ìyá kan wá láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lọ́jọ́ kan láti gba àwòrán àyà ọmọ rẹ̀. A ní kó dúró díẹ̀, ó sì dúró títí oòrùn fi wọ̀. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ọjọ́ tí a ó sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé àwòrán kò sí mọ́ rárá ló ń bà mí.

Àpótí tuntun tí a ń wá lọ ni àwọn oníṣòwò rẹ̀ ń pè ní “ọ́ọ̀lù-fìláàṣì.” Ẹni tó bá ti lo fìláàṣì kékeré tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà ti mọ àbúrò rẹ̀ nìyẹn: kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kì í pariwo, bí o bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbé e fún ọ. Ilé ìtajà méjì ní Ìkẹjà ló ní kí a wá wo tàwọn.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù dán níbì kan, ó fọ́ níbì kan, Mùfú sì mọ kòtò kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ àna rẹ̀. Ní Ṣàgámù a ra omi inú ike ní ọ̀ọ́dúnrún náírà. Nígbà tí a wọ Èkó, irú omi yẹn gan-an ti di ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Àǹtí ní, “Ṣé ẹja wà nínú tiwọn ni?”

Mo fẹ́ ra búrẹ́dì. Àǹtí fi ọwọ́ pa kúlà wọn. Ìkọ́kọ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fúnra wọn rin ewùrà rẹ̀, tí ẹja rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ewùrà lọ. “Èmi kì í jẹ oúnjẹ tí n kò mọ ẹni tó fọ ìkòkò rẹ̀,” ni wọ́n wí. Wọn kò fi lọ̀ mí. Èmi náà ra búrẹ́dì mi, mo jẹ ẹ́ gbẹ.

Ilé ìtajà àkọ́kọ́, gíláàsì ni láti òkè délẹ̀. Inú rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí fi gèlè bo etí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì gbé tíì fún wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó ní àpótí tàwọn kéré lójú lásán ni, pé ó ń gba ìlọ́po márùn-ún ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yin ará ilé ni pé ẹ̀rọ náà máa ń fún ohun tí a bá kó sí i pọ̀, bí ẹni ń di aṣọ mọ́ inú báàgì, kí àyè lè ṣẹ́ kù.

Àǹtí gbé ife tíì sílẹ̀. “Ọmọ mi, ṣé kóńgò tí wọ́n fọwọ́ nù lórí lẹ ń wí, àbí èyí tí wọ́n rọ òkìtì lé?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Ẹni bá ra gàrí ní Ìjẹ̀bú mọ̀ pé a kì í tọ́ ọ wò láti orí àpò, ìsàlẹ̀ là ń kì ọwọ́ sí, nítorí orí àpò ni ẹni tó ń tà á máa ń da èyí tó dára sí. Mo yọ dísíìkì kékeré tí mo gbé wá jáde, àwòrán egungun ló kún inú rẹ̀, a ti pa orúkọ àwọn tó ni wọ́n rẹ́. Mo ní kí wọ́n fi tiwa dán an wò, kí wọ́n máa dà á sí i títí àpótí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá gbà. A mu tíì mìíràn dúró dè é. Nígbà tí ó parí, ìlọ́po márùn-ún ti di ẹyọ kan ó lé díẹ̀, nítorí àwòrán tiwa ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ lè tún fún jáde. Èyí tó burú jù ni pé bí àpótí ti ń kún ni ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́ lóòótọ́. Àádọ́ta mílíọ̀nù ni wọ́n pè é.

Àǹtí dìde, wọ́n ní, “Òkìtì yẹn ti wọ́n jù.”

Ilé ìtajà kejì kò sí gíláàsì níbẹ̀, òkè kejì ilé àtijọ́ kan ni, kò sì sí tíì. Kọ́lá ni orúkọ ẹni tó ni ín, ọkùnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún, kò de táì. Kò pariwo. Ó ní, “Mà, mi ò ní rọ òkìtì kankan fún yín. Àwòrán ìṣègùn kì í fún mọ́. Iye tí ẹ bá rí tí mo kọ sí i ni ẹ ó gbà.” Ó kó àwòrán wa sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kò sì fà rárá. Lẹ́yìn náà ló ní kí Àǹtí fi ọwọ́ ara wọn fa dísíìkì méjì yọ nínú àpótí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Àǹtí gbé kúlà wọn sílẹ̀, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Wọ́n fà á yọ. Àwòrán orúnkún kan tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò mì, èyí tó tẹ̀ lé e sì jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n fa èkejì. Bákan náà. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta, Kọ́lá bá fò dìde, ó di ọwọ́ wọn mú: “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, méjì ni mo ní!” Mo fẹ́ràn àpótí náà débi pé mo ti ń wo ibi tí yóò dúró sí ní yàrá ẹ̀rọ wa lọ́kàn mi.

Àádọ́rin mílíọ̀nù ni Kọ́lá pè é. Àǹtí sọ ogójì.

“Mà, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.”

“Owó kan náà ló ń pa ẹni tó rà á.”

Wọ́n fà á títí. Àǹtí dé márùndínlọ́gọ́ta, Kọ́lá dé méjìdínláàádọ́rin, ó sì di ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Àǹtí dìde, wọ́n ní, “Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́.” Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nílé wa, bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí kò ti lọ mọ́, ẹni tó ń rajà á kẹ̀yìn, á máa rìn bí ẹni ru omi, kí ó sì tó kọjá ìsọ̀ kẹta ni wọ́n á ti pè é padà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bí Àǹtí ti kọjú sí ilẹ̀kùn ni mo yọ ṣájà kọ̀ǹpútà mi lára ògiri, mo sì fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì. Bí wọn kò bá pè wá nítorí owó, wọ́n á pè wá nítorí ṣájà.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Lójú àtẹ̀gùn wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà tí kò ní okùn. Ẹnikẹ́ni kò pè wá. Ní géètì wọ́n ní kí bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà júwe ọ̀nà tí a gbà wá fún wọn. Kò sí ìpè. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i. Mùfú ní, “Àǹtí, ṣé ilẹ̀kùn ń dùn yín ni?”

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká padà sókè.”

“Ká padà láìpè? Ká kúkú fún un ní àádọ́rin rẹ̀. Mùfú, wa ọkọ̀.”

A dé ìtòsí Mowe nígbà tí Dókítà pè. Iná dísíìkì kan sí i ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti di pupa rúsúrúsú, àmì pé òun náà fẹ́ kú. Wọ́n béèrè bóyá a ti rí ọjà rà.

“A ṣì wà lẹ́nu ẹ̀,” ni Àǹtí dá wọn lóhùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn wa la kọ sí Èkó.

Láti ibẹ̀ dé Ṣàgámù, ojú ọ̀nà ni mo kọjú sí. Inú ń bí mi. Ìyá Ìmùṣin yẹn ni mò ń rí. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: Àǹtí kọjú sí fèrèsé, ṣùgbọ́n ìka wọn ń lu itan wọn, níbi tí kúlà máa ń wà. Ìbínú kò jẹ́ kí n ro ohun tí mo rí yẹn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ni fóònù mi dún. Kọ́lá ni. Mo tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ẹ kú ìrìn o. Ẹ gbàgbé ṣájà síbí.”

“Háà!” ni mo wí, bí ẹni tí ó yà lẹ́nu.

“Àti kúlà kan.”

Mo yíjú wo Àǹtí. Wọ́n ń wo igbó.

“Kí ló wà nínú kúlà náà?” ni Àǹtí bi í.

Kọ́lá wúkọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn Èkó ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ohùn ilé wa ló kù. “Ẹ má bínú, Mà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Mo ní kí n mọ ohun tí ẹ gbàgbé ni, òórùn rẹ̀ bá gbá mi nímú. Ìmùṣin ni ìyá mi ti wá, ó pẹ́ tí mo ti jẹ irú ẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ ń lọ, ojú fèrèsé ni mo wà, mò ń retí kí ẹ bojú wẹ̀yìn kí n lè pè yín. Ẹ ò wẹ̀yìn.”

“Ìwọ náà ò sì pè,” ni Àǹtí wí. “O jẹ ẹ́ tán?”

“Mo fọwọ́ nu kúlà, Mà.”

“Ẹni tó bá jẹ ìkọ́kọ́rẹ́ mi tán ti gba àsansílẹ̀ nìyẹn. Ọgọ́ta, pẹ̀lú dísíìkì méjì lé e ní èènì.”

“Méjìlélọ́gọ́ta, Mà.”

“Àbí ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ni?”

“Ọgọ́ta, Mà.”

Mùfú rẹ́rìn-ín títí ó fi jẹ́ pé a kó sí kòtò tó mọ̀ dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Kọ́lá gbé àpótí dé, ó sì gbé kúlà dé, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. A rọra bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán kúrò nínú àpótí àtijọ́, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà mọ̀ pé a ń sá fún un. Èyí tó kẹ́yìn kọjá tán, kò pẹ́ ni dísíìkì ẹ̀kẹta kú. Kò sí àwòrán ọmọ ẹnikẹ́ni tó sọnù. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún díẹ̀, ẹ má sọ fún Dókítà.

Ẹ̀kọ́ ìrìn àjò náà kò pọ̀: ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa tọ́ àpótí wò bí gàrí, kí ẹ sì má ka òkìtì mọ́ kóńgò. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Kọ́lá gbé kúlà dé ni Dókítà ń bi ẹ̀gbọ́n wọn pé, “Ẹ̀yin náà, ẹ gbàgbé kúlà?”

Àǹtí ní ọjọ́ ogbó ló dé.

Nígbà tí Dókítà kọjá lọ tán, wọ́n fà mí mọ́ra. “Mo rí ọ nígbà tí o fi ẹsẹ̀ ti ṣájà sábẹ́ tábìlì. Bùnmi, ta ló ń pe èèyàn padà nítorí ṣájà?”