Ẹ Wá Gba Ọ̀rọ̀ Yín Kúrò Lára Ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó Mi

Àga kan wà nínú ilé mi tó wà lórí òpó nínú omi ní Molutehin, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Àga oníke funfun ni, apá rẹ̀ kan ti sán. Èmi fúnra mi ni mo gbé e jáde sí èbúté lọ́jọ́ tí dókítà ilé-iṣẹ́ epo wá bá wa ṣèpàdé, nítorí mi ò fẹ́ kí àlejò dúró. Orí rẹ̀ ni ọkùnrin náà jókòó sí tó fi sọ ọ̀rọ̀ tó ba ilé mi jẹ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, mo sì ti rọra to ohun tí mò ń kọ yìí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbínú ló ń kọ ọ́. Ìbínú ló ń kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń sọ.

Ẹja àti edé ni ìyàwó mi ń yan tà. Nígbà tí páìpù ilé-iṣẹ́ náà bẹ́, epo rọ̀bì ṣàn wọ abẹ́ ilé wa, ó lẹ̀ mọ́ òpó, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá kó o. Inú omi yẹn ni ìyàwó mi ń dúró sí títí dé orókún láti ṣan edé, òórùn epo yẹn ló sì ń fà símú láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó yá, okun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti ẹran eyín rẹ̀ bó bá ti jẹ pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ rírọ̀ lásán. Wọ́n sọ fún wa ní ilé-ìwòsàn pé inú egungun rẹ̀ kò ṣe ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. A sin ín. Àwọn obìnrin mìíràn ládùúgbò wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àìsàn yẹn, ìdí nìyẹn tí a fi ránṣẹ́ pe ilé-iṣẹ́ náà.

Dókítà yẹn kò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi tó wọ̀ wá. Ó ní kí a má fi ikú ìyàwó mi kọ́ epo lọ́rùn. “Irú àìsàn ẹ̀jẹ̀ yìí, inú ìdílé ló ti ń wá,” ló wí. “Ẹ lọ wo ìran ìyá rẹ̀.” Ìyá ìyàwó mi jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an. Dókítà náà kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kò yẹ ọmọ rẹ̀ wò rí nígbà tó wà láàyè. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Kí ìdílé kan tó fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ìdílé kejì lọ́dọ̀ wa, wọ́n á wádìí àìsàn tó wà nínú ìran rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ti ní àfẹ́sọ́nà ní Ode Ugbo nígbà náà, ọmọkùnrin tó ń ran àwọ̀n. Àbúrò bàbá ọmọkùnrin náà ló wá bá mi. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ èbúté tí mi ò rí ẹrù ìdána kankan nínú rẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó bá wá.

“Ẹ kú ilé, bàbá ìyàwó,” ló wí, “bí ẹ bá ṣì gbà kí n máa pè yín bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni kò ní jẹ́ kí n gbà?”

“Ọmọ yín dára. Ó tiẹ̀ dára ju ọmọ tiwa lọ, ẹ ṣáà wo imú ọmọ tiwa.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. “Ṣùgbọ́n dókítà ní àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀. A ò lè mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wọlé.”

“Dókítà wo? Èyí tí epo ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ilé mi?”

“Bàbá, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé ti ń pe ọmọ mi ní Ẹlẹ́jẹ̀-omi lórí afárá pákó.

Ọdún ti gorí ọdún kí obìnrin kan tó wá, ọmọ ìlú Mahintedo tó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ìyá ìyàwó mi àti ti ọmọ mi fún ìwádìí, ó sì padà wá fúnra rẹ̀. Ó ní òun wá gbogbo ibi tí wọ́n mọ̀ pé irú àìsàn yẹn máa ń gbà rìn nínú ìdílé, òun kò rí nǹkan kan.

“Kí ló wá ṣe é nígbà náà?” ni mo bi í.

Ó ní nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara, àkọsílẹ̀ ogún kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó di méjì, àwọn pùrótéènì kan ní láti da àkọsílẹ̀ náà kọ.

“Pùrótéènì inú ẹja?”

“Irú kan náà ni, bàbá, iṣẹ́ ló yàtọ̀.” Ó ní wọ́n ti wá rí i pé àwọn kan lára àwọn adàwékọ yìí ń ṣe iṣẹ́ kejì: wọ́n wà lára àwọn tó ń pinnu apá tí ara yóò kà àti apá tí yóò dákẹ́. Bí iṣẹ́ wọn bá dàrú, àkọsílẹ̀ tí èèyàn jogún lè pé láìsí àṣìṣe, kí kíkà rẹ̀ sì bàjẹ́.

Mo rántí ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun ló ń da orin kọ láti inú ìwé sára pátákó, òun náà ló sì ń fi ọ̀pá sọ fún àwọn olóhùn kan pé kí wọ́n dákẹ́. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ohun tó wà lára pátákó lè tọ́, kí orin sì dàrú. Mo sọ ọ́ fún un.

“Ó jọ bẹ́ẹ̀,” ló wí, “àfi pé ọ̀gá akọrin inú ara pọ̀, wọn kì í sì í sinmi.”

“Ṣé epo ló da tìyàwó mi rú?”

“A mọ̀ pé ohun kan wà nínú epo rọ̀bì tó máa ń ba ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bóyá ọ̀nà tó gbà bá ìyàwó yín nìyí, mi ò lè búra, nítorí mi ò yẹ ara tirẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí dókítà yẹn fi lè dá ìran ìyá rẹ̀ lẹ́bi.”

Inú bí mi pé kò lè búra. Síbẹ̀, ó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó jókòó lórí àga mi kò mọ nǹkan kan, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó búra.

Mo ránṣẹ́ sí Ode Ugbo, wọ́n sì wá. Obìnrin náà dúró ní èbúté, ó sọ ohun tó rí fún gbogbo wọn. Àbúrò bàbá ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ délẹ̀, ó sì dúpẹ́. “Ṣùgbọ́n, ìyáàfin,” ló wí, “ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ńkọ́? Kí òun wá sọ pé òun ṣì í sọ, a ó padà wá.”

Mo wọ ọkọ̀, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n jẹ́ kí n dúró nínú oòrùn kí dókítà tó jáde.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ ìṣègùn ni mo sọ, mi ò bú yín.”

“Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ìṣègùn gbà á padà.”

“Ilé-iṣẹ́ kò ní gbà fún mi.” Ó ní kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan fún mi. Mo fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ọmọ mi kò tíì lọ́kọ. Ó ń yan ẹja níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan án. Mi ò béèrè ilé-ìwòsàn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, mi ò sì béèrè omi ẹ̀rọ. Ẹnu tó sọ ọ́ ní èbúté wa ni mo fẹ́ kó padà wá sí èbúté wa. Àga rẹ̀ wà nílẹ̀. Kó jókòó lé e, kí ìyá ìyàwó mi jókòó sí iwájú rẹ̀ bíi tọjọ́sí, kó sì sọ fún un pé òun kò rí àrùn kankan nínú ìran rẹ̀. Kó tètè wá. Ìyá náà ti darúgbó, kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.