Bàtà Ìdí Ẹ̀rọ Omi

Mo rántí ìgbà tí gbogbo àwa tí a ń gbé ilé kan ní Agbowó máa ń wọ bàtà kí á tó pọn omi. Sálúbàtà rọ́bà kan wà nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ kan aláwọ̀ ewé, ẹsẹ̀ kejì pupa, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù níbẹ̀, tó sì di ẹ̀rọ mú, iná á gbé e. Kì í ṣe irú èyí tó ń pani, àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa ń gbọn apá èèyàn jìgìjìgì, a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá ti ń lọ síbẹ̀, inú yàrá la ti máa ń kígbe pé, "Bàtà o!" Èmi gan-an máa ń fi yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ilé wa mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Mo fẹ́ràn ilé yẹn. Opó ni ìyá onílé, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, àwa ayálégbé ni wọ́n sì fi rọ́pò àwọn ọmọ náà. Bí òjò bá ká mi mọ́ ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, màá délé bá aṣọ tí mo sá, wọ́n á ti ká a, wọ́n á ti ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí mo bímọ, tí ìyá mi sì dé láti Ṣakí láti wá máa wẹ ọmọ, ó dà bíi pé mi ò tún nílò nǹkan kan mọ́ láyé.

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàtà fún wọn, wọ́n ní kí ló fà á, mo ní bí ilé wa ṣe rí nìyẹn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó gba òdo. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí àpótí nídìí ẹ̀rọ ni wọ́n ń jókòó sí wẹ ọmọ, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á sì tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀. "Ta ló ń wọ bàtà wẹ ọmọ?" ni wọ́n wí. Torí náà, èmi ni mo ń pọn omi sílẹ̀ fún wọn láràárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi tán nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lójú ọmọ. Mo ti wọlé lọ mú táwẹ̀lì. Ìyá mi na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Igbe tí mo gbọ́ ló lé mi jáde. Wọ́n ti fi apá kan gbá ọmọ mọ́ àyà, apá kejì rọ̀ sílẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ọmọ ń ké. Mi ò tíì gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ará ilé sáré jáde. Ẹnì kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ ò wọ bàtà ni."

Ìyá mi wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ilé ń bu èèyàn jẹ, ẹ wá ń wọ bàtà fún un?"

Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá onílé sáré wọlé, wọ́n gbé ìwé kan jáde tó wà nínú gíláàsì. "Màmá, ilé mi ní ìwé ẹ̀rí iná o. Wọ́n yẹ gbogbo wáyà wò kí wọ́n tó fún wa níná."

Ìyá mi wọ awò ojú wọn, wọ́n ka ìwé náà látòkè délẹ̀. "Ìwé yìí dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, ṣé pọ́ńpù tó ń fa omi yìí ti wà?"

Kò tíì sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tí a fà lọ sí ilé ìdáná, àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n dà sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ni ìyá mi wí. "Tí ẹ ò bá pe ẹni tó máa tún un yẹ̀ wò, mò ń kó ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi lọ sí Ṣakí."

Nírọ̀lẹ́, ìyá onílé wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, omi lé ròrò lójú wọn. "Ìyá ìkókó, tí wọ́n bá ní ilé mi ò dáa, gbogbo yín lẹ máa kó lọ. Ta ni màá wá máa bá sọ̀rọ̀?" Mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀, mi ò sì lè gbé ọmọ mi dé ìdí ẹ̀rọ yẹn mọ́.

Wọ́n pe ẹni tó ń yẹ iná wò náà ṣá. Ọ̀gbẹ́ni kan ló wá láti Ring Road. Ó rí i pé wáyà pọ́ńpù ti bó, ó sì ń kan páìpù omi. Irin gbọọrọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ilé, tí ì bá máa gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, àwọn tó da sìmẹ́ńtì ti gé e dànù. Wọ́n pa iná ilé títí àtúnṣe fi parí. Nírọ̀lẹ́, a máa ń tan àtùpà sí ẹ̀yìnkùlé, a ó jọ jẹun, ìyá mi àti ìyá onílé á sì máa du ẹni tó máa pọn ọmọ. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà fọwọ́ sí ìwé tuntun, ó kọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún wá yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Ó sọ fún wa pé ohun tí òun rí lọ́jọ́ náà nìkan ni ìwé náà mọ̀. Ẹni tó bá fa wáyà mìíràn, kó pe èèyàn.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìyá onílé ló bọ́ bàtà, tí wọ́n sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ìyá mi di etí ìró wọn mú gírígírí lẹ́yìn, bíi pé ìró lè fa èèyàn yọ lọ́wọ́ iná. Omi dà, kò sí nǹkan kan. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n di ara wọn mú.

Akóbọ̀ ni mò ń gbé báyìí. Ìyá onílé ti dolóògbé, ìyá mi náà ti tẹ̀ lé wọn. Láìpẹ́ yìí, ọmọ tí wọ́n wẹ̀ lọ́jọ́sí ń wá yàrá ní Agbowó nítorí ilé ìwé, mo sì bá a lọ. Onílé kan tí a bá níbẹ̀ mú ìwé iná jáde. Mo kà á, mo wá bi í pé kí ni wọ́n ti fi kún iná ilé náà látìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ojú ti ọmọ mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ now."

Bí onílé ṣe ń ṣàlàyé, ọmọ náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ sídìí ẹ̀rọ láti fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Igbe ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo wo ilẹ̀ ibẹ̀, kò sí sálúbàtà kankan. Ó ṣí ẹ̀rọ, omi dà sí i lẹ́sẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́nu. Mo gbé "Bàtà o!" mì. Àárò àwọn ìyá méjèèjì sọ mí débi pé, nígbà tí onílé bi mí bóyá a máa gba yàrá náà, orí nìkan ni mo lè mì sí i pé bẹ́ẹ̀ ni.