Eré Orí Yìnyín ní Grayson

Ọjọ́ tí mo sáré nínú òtútù ní Grayson, nílùú òyìnbó, kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Eré ọ̀nà jíjìn tí àwa ìyá ìjọ fẹ́ sá ni mò ń múra fún. Orúnkún mi wú díẹ̀, mo fi òrí pa á, mo jáde. Bí mo bá jókòó sílé nítorí rẹ̀, ọmọbìnrin mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí n sáré mọ́.

Déjì, ọkọ rẹ̀, bá mi níwájú ilé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé! Ẹ máa ṣubú o!" Bó ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó yí gbiri dé ìdí mọ́tò.

Mo fà á dìde. "Déjì, ta ló wá ṣubú?"

Ẹ̀rín pa á. Mo bá tèmi lọ, mo sá a parí. Orúnkún ro mí dalẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún tèmi ni, èmi ni mo mọ ibi tí mò ń gbé e lọ.