Kúbùsù Tó Kọ̀ Láti Tẹ́

Ewúrẹ́ aboyún kan ni mo fi ra aṣọ tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Mo ń sọ ọ́ nítorí ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Ó bi mí bóyá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó iye tí wọ́n ń dá lé e. Mo ní kó jókòó, ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀.

Ìgbà Révolúsíọ̀n ni, ní Tchaourou níbí, nígbà tí àwọn sójà gbàjọba tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì. Wọ́n ti ti ẹnubodè pa, kúbùsù tí àwọn ará Kika, abúlé ẹ̀bá ẹnubodè, máa ń bá wa rà bọ̀ láti òdìkejì kò dé mọ́. Ìyá ọkọ mi sì ti dàgbà. Ikọ́ kì í jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀, ògiri ló máa ń fẹ̀yìn tì sùn, ìró yòówù tí a bá dà bò ó á sì ti yọ̀ bọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ó pè mí.

"Ìyàwó, bí ọyẹ́ yìí bá tún bá mi báyìí, ẹ má wulẹ̀ wá kúbùsù mọ́. Aṣọ òkú ni kí ẹ rà."

Kò fi ṣàwàdà.

Ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró ni mo ti ń ta dùńdú. Níbẹ̀ ni obìnrin kan ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ kéékèèké tí ó dì ní ìdì ìdì.

Mo ní, "Tata, kí ni wọ̀nyí?"

"Aṣọ tí a ti gé sílẹ̀ ni. Onígun mẹ́rin ni gbogbo wọn. O ò ní wá àlùmọ́gàjí, o ò ní wọn nǹkan kan. Kí o ṣáà rán an pọ̀ ni."

Àwọ̀ wọn dára, ojú mi sì ti rí kúbùsù. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ gààrí, kò fẹ́ iṣu. Ewúrẹ́ tó tẹ̀lé mi wá láti ilé ló nàka sí, èyí tí Ìyá fúnra rẹ̀ fi kí mi nígbà tí mo bí àkọ́bí. Mo fún un. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ewúrẹ́ náà yọrí lójú fèrèsé, ó ń wò wá nílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ sí ìlú ńlá.

Nílé, Ìyá tú ìdì náà wò.

"Odindi aṣọ ni èyí tẹ́lẹ̀?"

"Odindi ni, Ìyá."

"Ẹnì kan wá gé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ wá fún un léwúrẹ́, kó lè fún ọ láyè láti sọ ọ́ di odindi padà."

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n kò rí ibi tó ti ṣìnà. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Kó o ṣáà mọ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tí Révolúsíọ̀n ti fi ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó wọlé, ó ní, "Kamaráàdì Ìyá, ìjà ń tẹ̀ síwájú."

Ìyá ní, "O kú ìjà. Èmi kì í ṣe kamaráàdì rẹ, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ."

Délégé gbé ọ̀rọ̀ aṣọ náà dé ìpàdé lábẹ́ máńgòrò. Ó ní ẹni tó bá gé aṣọ kó tó tà á ní iye tó ju ti odindi lọ, ẹ̀jẹ̀ ará ìlú ló ń mu. Bàbá àgbàlagbà kan nawọ́.

"Iṣu sísè tí wọ́n gé fún ọ lọ́jà ńkọ́? Ṣé kì í wọ́n ju odindi lọ? Ẹni tó gé e, ṣé òun ò ní gbowó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni?"

Obìnrin kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "A kì í rán iṣu pọ̀ padà, Bàbá."

Wọ́n ṣe é títí oòrùn fi wọ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ebi ń pa wọ́n.

Èmi ń rán tèmi lọ. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé obìnrin yẹn ò gé e gún. Ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju ìkejì, bí mo bá sì fà á kó lè bára mu, ńṣe ló tún ń gùn sí i. Mo fi ògbólógbòó ìró tẹ́ inú rẹ̀, mo rán an parí. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, àárín rẹ̀ wú sókè bí òkìtì ọ̀gán.

Ọkọ mi ní kò sí nǹkan tí ìdí èèyàn ò lè tẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó jókòó lé e. Òkìtì náà sún lọ sápá òsì. Mo jókòó sápá òsì, ó bọ́ sẹ́yìn wa. Délégé tó ń kọjá lọ ní ìṣọ̀kan ló kù, òun náà wá jókòó sẹ́yìn. Ó tún yọ láàárín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbi tí a jókòó sí, tí ẹnikẹ́ni ò lè dìde, ni Ìyá ti jáde tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

Ó wò wá. "Ẹyin mélòó ló wà lábẹ́ yín?"

A dìde. Ó fi ọ̀pá gbé kúbùsù náà sókè, ó wò ó yíká, ó wọlé lọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dà á bo ara rẹ̀. Òkìtì yẹn bọ́ sí orí àti èjìká rẹ̀ gẹ́lẹ́, ìyókù ṣàn bo orúnkún rẹ̀ délẹ̀. Ó mi ara títí, kò yọ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló kù síta.

Ó ní, "Ta ló sọ fún obìnrin yẹn pé èmi kì í dùbúlẹ̀?"

Ọyẹ́ dé, ó sì le. Ó bá Ìyá nínú kúbùsù rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, oníṣòwò yẹn padà wá. Ó ti ra rúlà, gbogbo aṣọ rẹ̀ ti gún régé. Mo mú ìdì kan lọ fún Ìyá wò. Ó fọwọ́ tọ́ igun rẹ̀ wò, igun kan tẹ̀lé òmíràn, ó gbé e padà sí mi lọ́wọ́.

"Èyí ti bàjẹ́. Sọ fún un pé òun ni kó mú ewúrẹ́ wá lọ́tẹ̀ yìí."