Ẹ-Gbọ́-Ọ àti Omi Tí Kì Í Mu Tán

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ nípa télọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹ-Gbọ́-Ọ ni ti ọjọ́ tí àwọn àna rẹ̀ kọ́kọ́ wá mọ ilé. Bàbá ọkọ ìyàwó wọ aṣọ funfun báláú. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí Ẹ-Gbọ́-Ọ fi di ọkùnrin náà lọ́wọ́ mú, ó ní kí ó wá wo nǹkan kan lẹ́yìn ilé. Nǹkan náà ni ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀," ni ó wí, ó sì fi áńkáṣíìfù funfun tuntun lé e lọ́wọ́. "Ẹ fi bo ẹnu sálẹ́ńsà yẹn. Bí mo bá ti ṣíná, ẹ gbọ́ ọ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wo áńkáṣíìfù. Bí ẹ bá rí èérí lára rẹ̀, ẹ má fẹ́ ọmọ mi mọ́."

Àbúrò rẹ̀, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ojú bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó bá sun ìta mọ́jú máa ń pọ omi. Ẹ̀gbọ́n kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣíná. Sálẹ́ńsà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tú omi dúdú sí áńkáṣíìfù, ó tú u sí ọwọ́ àna, ó tú u sí aṣọ funfun báláú láti àyà dé orúnkún.

Ìyá ìyàwó ká ọwọ́ lérí. Ẹ-Gbọ́-Ọ sọ̀kalẹ̀, ó rìn yíká àna rẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán.

"Ẹ rí i?" ni ó wí. "Gbogbo èérí inú rẹ̀ ti jáde. Ohun tó bá ti jáde, kò sí nínú ilé mọ́."

Àna rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú kí ó má baà ṣubú, ibẹ̀ náà ni ó ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó, pẹ̀lú ọwọ́ dúdú. Kí oòrùn tó wọ̀, Ẹ-Gbọ́-Ọ ti rán aṣọ mìíràn fún un. Ó funfun bíi ti àkọ́kọ́, ó sì gùn jù ú lọ dáadáa, nítorí pé ọkàn télọ̀ wà lọ́dọ̀ ọkọ̀ nígbà tí ó ń wọ̀n ọ́n.

Ọkùnrin náà kò lè jókòó. Bí ó bá ń rán ẹ̀wù, ẹsẹ̀ kan á wà lórí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ kejì á ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá rán apá kan tán, á dìde lọ ṣíná ọkọ̀, á gbọ́ ọ, á pe ẹni tó bá ń kọjá kí òun náà wá gbọ́ ọ, kí ó tó padà wá rán apá kejì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ pé bí apá kan bá gùn ju èkejì lọ, ọkọ̀ ni ó há sáàárín wọn.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ohun tó bá ń jẹun gbọ́dọ̀ máa fọ ẹnu. Ọkọ̀ ń jẹ epo. Nítorí náà epo tó wọ́n jù ní ilé epo ni ó yẹ kí ó máa jẹ, kí a sì máa da igo oògùn tí ń fọ ẹ́ńjìnnì sí i nínú táǹkì, bí a ṣe ń fún ọmọ ní oògùn aràn. Àbúrò rẹ̀ kò gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, epo ni epo ń jẹ́. Ó ń jó, ó ń lọ. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, tó ń pààrọ̀ asẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní dọ̀tí. Omi aláwọ̀ ni wọ́n ń rọ sínú igo tà fún yín."

"Ṣé ìwọ lo bá wọn pò ó?"

"Rárá o."

"Báwo lo ṣe wá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ìwọ tí o kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ."

"Ṣé ẹ̀yin ka ohun tí wọ́n kọ sára igo ni?"

"Èmi kì í kà á," ni Ẹ-Gbọ́-Ọ dáhùn. "Èmi ń gbọ́ ọ."

Ní ilé epo tí wọ́n ti ń rà á, páìpù kan náà ni wọ́n fi ń ta epo olówó gọbọi àti èyí tí gbogbo ayé ń rà. Èyí kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó dá a lójú pé ìwọ̀nba epo lásán tí oníbàárà ìṣáájú fi sílẹ̀ nínú páìpù yóò ba ti òun jẹ́. Bí ó bá ti dé, á sọ̀kalẹ̀, á lọ bá ẹni tó wà níwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, epo wo lẹ rà?"

"Epo wo ni mo tún rà? Epo ni."

"Ti gọbọi ni, àbí èyí tó wọ́pọ̀?"

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá mi san án ni?"

Ẹ-Gbọ́-Ọ á fa ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn máa bọ̀, bóyá ti gọbọi ni tirẹ̀. Epo lásán ni ẹni yẹn náà á rà. Gbogbo ìlà á lọ tán, òun nìkan á kù, ẹni tó ń ta epo á máa yán. Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n kan: ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ wá, kí ó ra epo gọbọi díẹ̀ ṣáájú òun.

"Kí n wá fi ṣe kí ni?" ni àbúrò bi í.

"Kí o bá mi fọ ẹnu páìpù. Èmi ni màá sanwó."

Àbúrò kì í kọ epo ọ̀fẹ́. Á gbé ọkọ̀ wá, wọ́n á rọ ọ́ sí i, á sì máa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ó ní nínú gbogbo aláìgbàgbọ́ ayé, òun nìkan ni wọ́n ń sanwó fún.

Ìgbà kan tún wà tí Ẹ-Gbọ́-Ọ rò ó pé ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì dán yóò mú ẹ̀rọ ìránṣọ náà dán. Ó kán oògùn náà sí ihò tí a ń kán ọ́ìlì sí. Ẹ̀rọ sáré lóòótọ́. Òun ni ó fi rán ṣòkòtò olùkọ́ kan tó máa ń fa sìgá bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ṣòkòtò náà sì ń rùn bí ilé epo. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí, òórùn kò lọ. Ìyàwó olùkọ́ ní òun ò fẹ́ rí iná ìṣáná nítòsí rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, olùkọ́ fi ìbínú wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Télọ̀, nítorí tìrẹ, mi ò rí sìgá fà mọ́."

"Ikọ́ yín ńkọ́?"

Olùkọ́ ronú díẹ̀. "Ó ti lọ."

Ẹ-Gbọ́-Ọ yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń fọ̀."

Ṣùgbọ́n ọgbà mẹkáníìkì ni àríyànjiyàn wọn ti máa ń gbóná jù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń wá síbẹ̀, láìsí ohun kan tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀. Á máa rìn yíká, á kan bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí, á tẹ táyà yẹn, á máa bá ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọgbà jiyàn títí àbúrò á fi dá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Ohun kan sì wà tí àbúrò fi máa ń borí rẹ̀.

"Ọkọ̀ tèmi nìyí. Ó dàgbà ju tiyín lọ. Láti ìgbà tí mo ti rà á, mi ò ra igo oògùn kan fún un rí. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ." Á ṣíná, ọkọ̀ akẹ́rù náà á sì máa kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. "Ìdọ̀tí dà?"

Ìgbà yẹn nìkan ni Ẹ-Gbọ́-Ọ kì í fèsì. Á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbọ́ ọ títí, ẹ̀rín kékeré á wà ní igun ẹnu rẹ̀. Á wá ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Lọ bu omi fún mi wá nínú ilé."

Àbúrò á wọlé lọ bu omi, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Nígbà tí ó bá jáde, ẹ̀gbọ́n á mu ẹnu kan, á gbé ife lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á máa lọ. Kò mu omi náà tán rí. Àbúrò á da ìyókù sílẹ̀, á máa kùn pé ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó lè mu ife omi kan tán.

Ẹ-Gbọ́-Ọ kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láàárín apá ẹ̀wù kan àti èkejì. Ó jáde lọ gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀, kò padà wọlé. Nídìí sítíárì ni wọ́n ti bá a, ó fi orí ti fèrèsé, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Àbúrò rẹ̀ ni ó na ọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì náà. Níbi ìsìnkú, àna tí ó wọ aṣọ gígùn náà sọ ìtàn áńkáṣíìfù, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi mẹkáníìkì. Ojú rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò tún bá jiyàn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é ní àárọ̀ nìkan. Nígbà tó yá, ó ń ṣe é ní gbogbo oríta. Mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó pààrọ̀ asẹ́ epo, ó pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́, ó tú wáyà, ó tún un so. Oorun kò kùn ún mọ́. Á máa dìde nídìí oúnjẹ lọ ṣíná, á padà wá, á tún dìde.

"Ẹ ti ń rìn bí ẹ̀gbọ́n yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ibì kan ṣoṣo ni kò wò: àwọn ẹnu tín-ín-rín tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá lọ wo ibẹ̀ ń béèrè bóyá epo máa ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀, òun sì ti sọ lójú gbogbo ayé pé kì í fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan gbé ọkọ̀ wá, ó gbọ́ ikọ́ ọkọ̀ mẹkáníìkì, ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà wá mọ́. Bí orúkọ ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn, kì í pariwo.

"Ọ̀gá," ni ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọgbà pè é, "mo mọ mẹkáníìkì kan tó gbọ́ iṣẹ́. Ṣé kí n bá yín pè é?"

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n di ẹ̀rọ ìránṣọ àti páálí mélòó kan sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbéra. Ní oríta àkọ́kọ́, ọkọ̀ wúkọ́, ó fò sókè, ó kú. Mẹkáníìkì ṣíná. Ó tún kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè.

"Ọkọ mi," ni obìnrin náà wí, nítorí pé bí ó ṣe máa ń pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn, "kí ló ń ṣe é? Ta ló wá ń fún un ní oògùn rẹ̀ báyìí?"

"Oògùn wo, ìyàwó wa?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. "Ẹ̀gbọ́n yín ò wá sọ fún yín títí tó fi kú?"

"Kí ló fẹ́ sọ fún mi?"

"Igo méjì ló máa ń rà. Ọ̀kan fún ọkọ̀ tiẹ̀, ọ̀kan fún tiyín. Ó ní ọmọ tó bá kọ oògùn, inú oúnjẹ là á fi í sí fún un. Bí ẹ bá ti wọlé lọ bu omi ló ń dà á sí táǹkì."

Mẹkáníìkì gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárì. Gbogbo ife omi tí ó ti dà sílẹ̀ láyé rẹ̀ ń kọjá lójú rẹ̀.

"Mo máa ń ní kó gbọ́ ọ," ni ó wí. "Mo máa ń ní kó gbọ́ ọkọ̀ tí kò mu oògùn rí."

"Á sì délé wá jókòó. Ìgbà yẹn nìkan ló máa ń jókòó. Á ní, 'Àbúrò mi tún borí mi lónìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ rekete.' Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ ọ́, kó lè borí mi lẹ́ẹ̀kan?"

"Mo bi í. Ó ní bí òun bá borí yín, kí lòun á tún máa wá ṣe lọ́dọ̀ yín?"

Wọ́n ti ọkọ̀ títí ó fi gbà, ó sì wúkọ́ dé ọgbà. Mẹkáníìkì mú sípánà, ó yọ àwọn ẹnu tín-ín-rín náà, ó gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀. Èérí pupa rúsúrúsú ti dì mọ́ wọn lẹ́nu.

"Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì," ni ó wí.

Opó jókòó lórí àpótí.

"Epo gọbọi tó ń rà fún mi tún wà níbẹ̀. Ta ló mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì? Kò sí ẹni tó lè dá ẹjọ́ yìí mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n yín ì bá ti dá a."

Ó mú aṣọ kan láti fi nù wọ́n. Ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní; iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó wò wọ́n títí, ó ju aṣọ náà sílẹ̀, ó sì dá wọn padà bí ó ṣe bá wọn. Ó wá rìn yíká ọkọ̀, ó tẹ táyà kan, ó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú páálí kan lára ẹrù ṣọ́ọ̀bù. Àwọn igo tó ṣẹ́kù wà níbẹ̀, wọ́n tò jẹ́jẹ́ sáàárín òwú àti bọ́tìnnì.

"Ìyàwó wa," ni ó wí, láìwo ojú rẹ̀, "òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi wá nínú ilé."

Obìnrin náà wò ó. Ó dìde, ó wọlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí omi ṣe jìnnà lọ. Nígbà tí ó jáde, mẹkáníìkì ń fi ọwọ́ nu ẹnu táǹkì. Ó gba ife, ó mu ẹnu kan, ó gbé ìyókù lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣíná.

Ọkọ̀ wúkọ́.

"Kò tíì lọ," ni ó wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá."

"Ẹ óò máa wá bu omi fún mi nìyẹn."

"Màá máa wá, ọkọ mi."

Ọkọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, kò sì kú. Omi inú ife ń gbọ̀n lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń gbọ́ ọ.