Omi Tútù Tí Ìyá Mi Fi Wẹ̀

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Kogí ṣì jẹ́ tuntun, tí ọ̀pọ̀ wa ní Kabba ṣì máa ń fi àṣìṣe pè é ní Kwara, ọkọ mi ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní Ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rọ náà kì í tọ́jú omi sínú. A gbé e kọ́ ara ògiri lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, a so ó mọ́ sílíńdà gáàsì. Bí o bá ṣí táàpù, omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ni yóò jí iná. Wàá gbọ́ tá-tá-tá, omi gbígbóná á sì dé.

Òyìnbó náà kìlọ̀ pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni kí a máa fọ asẹ́ rẹ̀, kí a sì da ọtí kíkan gba inú páìpù rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tilẹ̀ fàlà sí i nídìí. Ọdún mẹ́ta kọjá, n kò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Omi kànga tí a ń fà sínú táǹkì wa kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Mo máa ń ha èépá funfun kúrò nídìí kẹ́tùlù, ṣùgbọ́n n kò bi ara mi léèrè ibòmíràn tí irú rẹ̀ lè máa lẹ̀ mọ́.

Nígbà ọyẹ́, mo mú ìyá mi wá láti abúlé wa ní Bùnú nítorí làkúrègbé tó wà léékún rẹ̀. Kò fẹ́ wá. Omi gbígbóná yẹn ni mo fi tàn án. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí láti ilé ìwẹ̀.

"Ọmọ mi, omi yìí ò gbóná o."

"Ẹ ò ṣí i tó ni, Màmá. Ẹ yí i tán."

"Mo yí i tán."

Mo wọlé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí mo ṣe ń di tàwọn ọmọ kíláàsì kìíní tí mo ń kọ́ mú lórí pẹ́ńsùlù. "Ẹ wò ó, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúró." Iná sì ràn lọ́jọ́ náà! "Ẹ rí i?" ni mo wí. Lọ́jọ́ kejì, mo tún kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹta, láti ilé ìdáná ni mo ti dáhùn: "Màmá, mo ti kọ́ yín!" Kò pè mí mọ́. Mo rò pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo fẹ́ fi òrí pa á lẹ́yìn nígbà tó wẹ̀ tán. Ara rẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

"Màmá, omi tútù lẹ fi wẹ̀?"

"Omi tó wá ni mo fi wẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Tíṣà, má bínú. Orí mi ò gba ẹ̀kọ́ yẹn. Bá mi wá mọ́tò tó ń lọ sílé. Igi ìdáná tèmi kì í béèrè bí mo ṣe yí ọwọ́."

Ọjọ́ náà gan-an ni mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe nítòsí ọjà. Ó kọ́kọ́ kí ìyá mi bí a ti ń kíra wa lágbègbè wa, "Okun o, ìyá," ó ti gáàsì pa, ó tú asẹ́, ó sì gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Èépá bí èèpo ẹyin tí a rún ló já bọ́.

"Ìgbà wo lẹ fọ èyí gbẹ̀yìn, Tíṣà?"

Mo gbọn èépá náà dànù, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Omi ò rọ́nà kọjá, kò sì lè jí iná. Bí ẹ yí táàpù títí ó fi já, omi tútù náà ni."

A kò rí ọtí kíkan rà, nítorí náà ọsàn wẹ́wẹ́ la fún sínú korobá. Ìyá mi náà bá wa fún un. Bí omi ọsàn náà ṣe ń hó jáde ní páìpù, tó sì ń kó èépá bọ̀, ìyá mi bi ọkùnrin náà pé:

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi nígbà náà?"

"Ọwọ́ yín kẹ̀, ìyá? Kí ni ọwọ́ yín ṣe?"

Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù náà. "Ẹ foríjì mí, Màmá. Èmi ni n kò fọ̀ ọ́."

"Dìde, ilẹ̀ tutù. Ẹnì kan tí òtútù mú gbọ̀n nínú ilé yìí ti tó."

Ìyá mi dúró lọ́dọ̀ wa títí ìgbà òjò fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń fọ ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ, omi sì ń gbóná. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan táàpù náà mọ́. "Wá bá mi ṣí i, ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ni yóò wí. Màá ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Màmá. Ẹ dán an wò." Yóò ró ìró rẹ̀ mọ́ àyà, yóò ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, yóò sì dúró títí n ó fi ṣí i.